Bí Eré Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Òyìnbó Ṣe Bá Wa Wá Ibi Tí Ikọ́ Ife Ti Wọlé

Bí o bá ti ń wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tí kò lọ, má tíì ka ọ̀rọ̀ yìí. Dìde, lọ ṣe àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ní ilé ìwòsàn, kí o tó padà wá kà á. Yóò ṣì wà níbí. Bí wọ́n bá sì ti sọ fún ọ pé ikọ́ ife ni, fọkàn balẹ̀. Èmi tí mò ń kọ ọ́ yìí ní in, mo lo oògùn rẹ̀ parí, mo sì wà láàyè. Ìwọ tí kò wúkọ́ rárá ńkọ́, àmọ́ tó fẹ́ràn eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí àwọn òyìnbó Ìlú Ọba ń ṣe sórí tẹlifíṣọ̀n? Sún mọ́bí. Ìwọ gan-an ni mò ń wá. Lọ́wọ́ tèmi, ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì.

Akọ̀ròyìn rédíò ni mí kí n tó fẹ̀yìntì. Ìbàdàn ni mo ti ṣe iṣẹ́ náà, ẹnu ẹlòmíràn ni mo sì fi ń jẹun. "Ìyá, kí lẹ rí? Bàbá, ibo lẹ dúró sí nígbà tó ṣẹlẹ̀?" Nígbà tí èmi àti ọkọ mi, Baba Bàṣírà, kó padà sí agboolé wọn ní Ìwó, mo rò pé ìbéèrè ti tán lẹ́nu mi.

Ọdún tí a padà yẹn, ọyẹ́ mú kọjá bó ṣe yẹ. Eruku wọ inú àwo, ó wọ inú imú. Àbúrò ọkọ mi obìnrin kan wà nílé, Sìkírá, télọ̀ ni, ó padà sílé lẹ́yìn tí ìgbéyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ tú ká. Èmi kò pè é ní Sìkírá rí, nítorí ìyàwó kì í pe orúkọ ọmọ ọkọ tó bá nílé. Ọmọ kékeré ni nígbà tí wọ́n mú mi wọlé, ó rí péléńgé, mo sì sọ ọ́ ní Òpéléńgé. Bí mo bá ti Ìbàdàn wá kí wọn lọ́dún, orúkọ tí mo fi ń pè é nìyẹn láàárín èmi àti òun.

Sìkírá nìkan ló ní sólà nínú ilé, ó rà á nítorí iṣẹ́ rẹ̀. Bí iná bá ti lọ, yàrá ìránṣọ rẹ̀ nìkan ni tẹlifíṣọ̀n ti ń sọ̀rọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó yọrí sí mi.

"Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi gbọ́ gẹ̀ẹ́sì yìí. Wọ́n ti pa ọkùnrin kan, n kò mọ ẹni tó pa á, n kò sì lè ránṣọ mọ́."

Mo wọlé. A ti ilẹ̀kùn, a ti fèrèsé nítorí eruku. N kò dìde títí wọ́n fi mú apànìyàn náà. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ó ti pẹ́ tí inú mi ti dùn bẹ́ẹ̀!

Eré náà dá lórí opó kan tó ń gba àlejò sílé lẹ́bàá ibùdó rélùwéè, nígbà tí àwọn ará Ìlú Ọba ṣì ń tan fìtílà, tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà. Ayé ìgbà náà ni àwọn òyìnbó àkọ́kọ́ ń jókòó sí ilẹ̀ wa níbí, tí wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn baba ńlá wa. Opó yìí kò ní ìbọn, kò ní ọkọ, kò ní àṣẹ kankan. Ojú ló ní. Bí àlejò bá wọlé, bàtà rẹ̀ ló ń wò. Bí àlejò bá jẹun tán, ohun tó ṣẹ́kù sínú àwo ló ń wò. Inú àwo ló ti mọ ẹni tó ń parọ́. Bí o kò bá tíì wo èyí tó jẹ́ ti ayé fìtílà rí, ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Má béèrè orúkọ eré lọ́wọ́ àwọn tó ń kó fíìmù sínú fíláàṣì ní Ìwó, wọn kò mọ̀ ọ́n. Ṣàpèjúwe rẹ̀ fún wọn: opó, rélùwéè, òjò. Wọn yóò fún ọ.

Báyìí ni èmi àti Òpéléńgé ṣe lo gbogbo ọyẹ́ náà. Ó ń ránṣọ, èmi ń túmọ̀, àwa méjèèjì ń bú apànìyàn. Ó ń wúkọ́ láàárín, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Fée ló ní láti kékeré. Ikọ́ rẹ̀ ti dà bí ìró ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ létí gbogbo ilé.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, èmi náà ti ń wúkọ́. Mo ní eruku ọyẹ́ ni. Ikọ́ náà gbẹ lákọ̀ọ́kọ́, ó wá di kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Bí mo bá sùn, òógùn á bò mí débi pé n ó máa fún aṣọ ìbora mi bí ẹni fún aṣọ tí wọ́n fọ̀. Oúnjẹ kò wù mí. Ìró tí kò ká mi lára dáadáa tẹ́lẹ̀ wá ń yí mi po, ó tún ṣẹ́kù.

"Ìyá Bàṣírà, o ń rù," ni ọkọ mi wí.

"Ààwẹ̀ ni."

"Ààwẹ̀ wo? Oṣù ààwẹ̀ kò tíì dé."

Ọjọ́ tí mo rí ẹ̀jẹ̀ lára hańkáṣíìfù mi ni mo dákẹ́ àríyànjiyàn. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìlà ibẹ̀ ṣe rí, kí ó má bàa dẹ́rù bà yín nígbà tí ẹ bá débẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló ń wo ẹ̀gbẹ́ kan. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ojúlùmọ̀ rí òun. Obìnrin kan tó jókòó níwájú mi yíjú sí mi, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́: "Bí wọ́n bá ní kí o lọ sí yàrá ẹ̀yìn tí fèrèsé rẹ̀ pọ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ ti délẹ̀ nìyẹn o." Mo tutọ́ sínú ike kékeré tí wọ́n fún mi, mo lọ sílé, mo padà wá gba èsì. Wọ́n ní kí n lọ sí yàrá ẹ̀yìn.

Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀, ọmọ Èkìtì, Fọlákẹ́ ni wọ́n ń pè é. Kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

"Mà, ikọ́ ife ni. Ẹ má sunkún. Oògùn rẹ̀ wà, ọ̀fẹ́ ni, oṣù mẹ́fà lẹ ó fi lò ó. Ẹ kò gbọdọ̀ fo ọjọ́ kan. Bí ara yín bá yá lóṣù kejì, tí ó ní kí ẹ dá a dúró, irọ́ ni ara yẹn ń pa fún yín. Ìtọ̀ yín yóò pupa, oògùn ni. Ẹ bo ẹnu, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ jókòó síbi tí atẹ́gùn ń gbà."

Mo ní mo gbọ́. Mo fẹ́ dìde.

"Ẹ dúró, mà. Ó ku ọ̀kan. Ikọ́ yìí kì í hù nínú oúnjẹ, kì í hù nínú ilẹ̀. Ẹnìkan ló wú u sínú afẹ́fẹ́ tí ẹ fà símú. Ẹni náà wà níbì kan báyìí, kò mọ̀, tàbí ó mọ̀ tí kò sọ. Ikọ́ ń pa á lọ, ó sì ń kó o ran ẹlòmíràn. A gbọ́dọ̀ rí i kí ó tó pẹ́ jù."

Ẹ gbà mí gbọ́, nínú gbogbo ìbẹ̀rù yẹn, ọkàn mi fò sókè. Ṣé ẹ kò rí i? Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo eré wa nìyẹn! Ẹnìkan wà níbì kan.

Mo délé, mo sọ fún wọn. Ìyálé wa, Ìyá Rájí, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ló kọ́kọ́ dá mi lóhùn. Ohùn Ìyá Rájí ń ti ẹ̀yìnkùlé dé ojúde láìlo rédíò.

"Ikọ́ ife kẹ̀? Nínú ilé yìí? Ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ ènìyàn nínú. Ta lo gba nǹkan jẹ lọ́wọ́ rẹ̀?"

Mo ní n kò gba nǹkan jẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àfi àádùn tí mo máa ń gbà lọ́wọ́ Ìyá Kútà. Obìnrin àgbà kan ni Ìyá Kútà, láti Kútà ló ti máa ń gbé àádùn wá kiri, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ló sì ti ń sinmi.

"Ó parí!" ni Ìyá Rájí wí. Ọjọ́ náà ni wọ́n sọ fún Ìyá Kútà pé kí ó má gba ojúde wa kọjá mọ́. Arúgbó náà gbé igbá rẹ̀ rù, ó ń lọ. Àárẹ̀ mú mi, n kò lè bá ẹnikẹ́ni jà.

Àgbo wá bẹ̀rẹ̀. Àgbo kíkan, àgbo kíkorò, orógbó tí wọ́n rẹ sínú oyin, omi hàntú, ìyẹn omi tí àwọn àfáà fi fọ ọ̀rọ̀ Kùránì kúrò lára wàláà. Mo mu omi hàntú, mo sì mọ ohun tí mo fi ń tọrọ lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Àgbo yòókù ni mo kọ̀, torí nọ́ọ̀sì ní kí n má pa nǹkan mọ́ oògùn náà láìsọ fún òun. Ìyá Rájí fẹ́ kí n da oògùn òyìnbó nù. Nígbà tó rí i tí ìtọ̀ mi pupa bí omi osùn, ó ké: "Ṣé ẹ rí i? Májèlé náà ló ń jáde yẹn! Oògùn yẹn ń rú u sókè!" Bí kì í bá ṣe pé nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún mi tẹ́lẹ̀ ni, ọjọ́ náà ni ǹ bá jáwọ́. Ìdí rèé tí mo fi ń kọ ọ́ síbí: ìtọ̀ yín yóò pupa. Ẹ má sá.

Nọ́ọ̀sì Fọlákẹ́ fúnra rẹ̀ wá sílé láti yẹ gbogbo ará ilé wò. Ó bi mí léèrè àwọn tí a jọ ń jókòó pẹ́. Mo ní ọkọ mi ni, Ìyá Rájí ni, "àti Òpéléńgé, òun gan-an ni kí ẹ má gbàgbé." Mo gbọ́ ọ lójúde nígbà tó ń bi Ìyá Rájí.

"Mà, Òpéléńgé ti wá tutọ́?"

"Ó ti wá, ó ti lọ. Èmi gan-an ni mo fà á lọ́wọ́ wá."

Èsì dé. Kò sí nǹkan lára ẹnikẹ́ni. "Tí kì í bá ṣe ará ilé, ará ìta ni," ni nọ́ọ̀sì wí fún mi. "Ẹ máa ronú, mà. Ẹni yẹn kò ní àkókò." Mo ronú. Mo ro àwọn tí a jọ ń lọ sí àsàlátù, mo ro àwọn tí a jọ wọ ọkọ̀. N kò rí ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyẹn, ju oògùn lọ: ẹnìkan ń kú lọ díẹ̀díẹ̀, n kò mọ ẹni tí í ṣe.

Atẹ́gùn tí nọ́ọ̀sì ní kí n máa gbà ló mú kí a gbé tẹlifíṣọ̀n mìíràn wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọkọ mi fa wáyà láti ara sólà Sìkírá. Mo jókòó sí abẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú ìbòmú mi, ọ̀nà jìn díẹ̀ sí àwọn yòókù, mo sì ń bá eré mi lọ. Sìkírá kì í jáde wá bá wa. Ó ní aṣọ ọdún ti kún ọwọ́ òun.

Ìyá Rájí wá ṣọ́ mi kí n mu àgbo. Ó ní ìṣẹ́jú kan péré lòun fẹ́ jókòó. Eré tó ń lọ lọ́wọ́ jẹ́ ti ọ̀gá ọlọ́pàá obìnrin kan ní ìlú àwọn apẹja, orúnkún ń dùn ún, kò sì lè sáré lé olè, nítorí náà ó máa ń jókòó ti ènìyàn títí tí onítọ̀hún yóò fi sọ òtítọ́. Òun náà, ẹ wá a rí.

"Kí ni obìnrin yìí ń wí?" ni Ìyá Rájí bi mí.

Mo túmọ̀.

"Ọkùnrin tó ń ro ọgbà yẹn ló pa á."

"Ẹ̀rí dà, Ìyá?"

"Wo ojú rẹ̀."

Kì í ṣe òun. Ọjọ́ kejì, Ìyá Rájí ti gbé àga tirẹ̀ síbẹ̀ kí n tó dé. Ó mú ọlọ́tí. Kì í ṣe òun. Ó mú àlejò tí kò rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe òun. Nígbà tí a dé orí eléyìí tí wọ́n ń pa ènìyàn ní abúlé kan ṣoṣo ní gbogbo ìgbà, ó pàtẹ́wọ́: "Bí Kútà bá ń pàdánù ènìyàn báyìí, ta ni ì bá máa roko?" Nígbà tí mo tún padà sí ti opó ayé fìtílà, tí mo sì sọ fún un pé ayé ìgbà tí òyìnbó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa nìyẹn, ẹnu yà á.

"Àwọn wọ̀nyí ló wá ń dá ẹjọ́ fún baba wa? Wọ́n pa baálé ilé sínú ilé ìdáná wọn, wọn kò mọ ẹni tó pa á!" Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó wá ní: "Ìyá ìyá mi máa ń sọ ọ́. Ó ní òyìnbó tó ń gbọ́ ẹjọ́ nígbà náà, bí o bá ti kó ẹjọ́ dé, ìbéèrè kan ló ní: 'Ta ló fojú rí i?' Wọ́n rò pé ó ń fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Àṣé ohun tó ń dààmú wọn nílé nìyí."

Mo ní: "Ìyá, ẹ ti wo eré wọ̀nyí pẹ́. Ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ mú, ṣé òun ni rí?"

"Kì í ṣe òun rí."

"Ta la kọ́kọ́ mú nínú ilé yìí?"

Ìyá Rájí rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, bí n kò ṣe gbọ́ ọ rí: "Èmi náà jẹ nínú àádùn yẹn. Mo jẹ ju tìrẹ lọ."

"Ẹ ń wúkọ́?"

"N kò wúkọ́."

Ó ránṣẹ́ sí Ìyá Kútà. Ó bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo wa. Ìyá Kútà sọ igbá rẹ̀ kalẹ̀, ó ní: "Wọ́n ní eré kan ló dá mi láre. Èwo ni nínú wọn? Ẹ sún, kí èmi náà rí i." Àwa mẹ́ta la wá ń wò ó láti ọjọ́ náà.

Oògùn mi ti wọ oṣù kẹrin nígbà tí Ìyá Rájí fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé: "Oníròyìn, gbogbo apànìyàn Ìlú Ọba lo ti mú. Ẹni tó kó ikọ́ ràn ọ́, o kò rí i mú." Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, obìnrin kan ti oko dé, ó gba ojúde wọlé. Rámótà ni, ọmọ àbúrò baba ọkọ mi, ọwọ́ ẹ̀yìn agboolé níbẹ̀ ló ń gbé.

"Òpéléńgé mi, kú àbọ̀ oko!" ni Ìyá Rájí kí i. "Wá jókòó, wọn kò tíì mú un."

Ife omi ń bẹ lọ́wọ́ mi. N kò mọ ìgbà tí mo gbé e sílẹ̀.

"Ìyá. Ta lẹ pè ní Òpéléńgé?"

"Rámótà yìí ni. Èèyàn mélòó ló ń jẹ́ Òpéléńgé? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú mi wọlé ni mo ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Sìkírá ńkọ́? Kí lẹ ń pe Sìkírá?" Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo pe orúkọ rẹ̀.

"Sìkírá ni mò ń pe Sìkírá. Ojú mi ni wọ́n bí i. Ṣé n ó máa fún ọmọ tí mo gbé jó ní orúkọ ọmọ ọkọ ni?"

"Òpéléńgé tí ẹ fà lọ́wọ́ lọ bá nọ́ọ̀sì…"

"Rámótà ni!" Ọ̀rọ̀ náà ti ń yé e bó ṣe ń sọ ọ́. Ó dìde dúró, ó di orí mú. "Yéè! Ènìyàn méjì ni!"

Láti inú yàrá ìránṣọ la ti gbọ́ ikọ́. Ìyá Kútà wo ìhà ibẹ̀, ó sì ní: "Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n yẹn."

Èmi nìkan ni mo lọ. Mo wọ ìbòmú mi, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Fèrèsé ṣì wà ní títì. Mo wo Sìkírá bí mo ṣe yẹ kí n ti wò ó tipẹ́: egungun èjìká rẹ̀ yọ, ó fi abẹ́rẹ́ mú bùbá ara rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí ó má bàa já bọ́.

"Òpéléńgé mi, ẹ kò lọ tutọ́ fún nọ́ọ̀sì."

"Tèmi fée ni, ìyàwó wa. Ẹ mọ̀."

"Fée kì í mú ènìyàn rù báyìí. Ṣé òógùn ń bò yín tí ẹ bá sùn?"

Ó ń yí ìdì òwú kan lọ́wọ́, ó ń yí i. Ó wá sọ ọ́, ohùn rẹ̀ kò ju ti kòkòrò lọ. Ọkùnrin kan ń bọ̀ wá fẹ́ ẹ, Rábíù, àgbẹ̀ kòkó ní Ilé-Ogbó. Wọ́n ti fi ìdána sí ẹ̀yìn Iléyá.

"Bí wọ́n bá gbọ́ ọ ní Ilé-Ogbó pé ikọ́ ife ni, ṣé wọ́n tún máa wọ ilé yìí? Mo ti tú ilé ọkọ kan, ìyàwó wa. N kò fẹ́ tú èyí kí n tó wọ inú rẹ̀." Omijé bọ́ sórí aṣọ oníbàárà, ó sáré fi ọwọ́ nù ún. "Yàrá yìí ni mo pè yín sí. Ẹ ń bínú sí mi?"

"Fèrèsé yẹn ni mò ń bínú sí." Mo lọ ṣí i. "Ẹ wò mí. Oṣù kẹrin rèé. Ṣé mo jọ òkú?"

Ó wò mí. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ikọ́ sì gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti Ìyá Rájí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́. Ìyá Rájí ló di ọwọ́ rẹ̀ mú títí a fi débẹ̀. Èsì jáde: ikọ́ ife. Nọ́ọ̀sì Fọlákẹ́ wo àwòrán àyà rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. "Ẹ bá a nígbà tó ṣì ṣeé ṣe. Bó bá tún kọjá Iléyá ni, n kò mọ ohun tí ǹ bá sọ."

Sìkírá fúnra rẹ̀ ló sọ fún Rábíù. Ó ní kò sí ẹni tó máa bá òun sọ ọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa níbẹ̀ ló ti sọ ọ́, Ìyá Rájí àti èmi ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Rábíù kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀.

"O ti bẹ̀rẹ̀ oògùn?"

"Mo ti bẹ̀rẹ̀."

"Mélòó ló kù?"

"Ó ju oṣù márùn-ún lọ."

Ó fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Kòkó tí mo gbìn, ọdún mẹ́rin ni mo fi dúró kó tó so. Oṣù mélòó kan kọ́ ló máa lé mi." Ó dìde, ó béèrè ibi tí òun náà ti lè tutọ́. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí nǹkan. Nígbà tí oògùn wá mú Sìkírá lára, tí ara rẹ̀ kún, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ, ó dúró níwájú mi, ó fọwọ́ lé bàdí: "Ìyàwó wa, ẹ wá orúkọ mìíràn fún mi. Èyí kò gbà mí mọ́."

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn lọ́wọ́, ohun tí ó ràn mí lọ́wọ́ nìyí, ẹ gbà á fún ohun tó bá jẹ́ fún yín. Mo máa ń lo oògùn mi kí eré tó bẹ̀rẹ̀, n kì í wo eré bí n kò bá tíì lò ó, nítorí náà n kò fo ọjọ́ kan. Bí ẹ bá ń tutọ́ ẹ̀jẹ̀, ẹ má wo èyí tí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ wo ti opó, wọn kì í fi òkú hàn níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan lẹ ó rí. Ẹ wo èyí tó ń lọ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, ara tí kò yá kì í lè sáré tẹ̀lé ọkọ̀ ọlọ́pàá. Ẹ má wò ó nínú yàrá títì, bó ti wù kí eruku pọ̀ tó. Ẹ sì wá ẹnìkan tí yóò máa mú ẹni tí kì í ṣe òun, bíi ti Ìyá Rájí. Ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín sì dára fún àyà.

Owó oògùn kò dá mi lágara, ọ̀fẹ́ ni. Owó ọkọ̀ àti ẹyin àti ẹran tí ara ń béèrè ló wúwo, mo sì gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ mi láìtijú. Ìtìjú ló ń pa ènìyàn nínú àìsàn yìí. Mo ti rí i.

Èmi ti parí tèmi. Mo sanra, mò ń sùn, ìbora mi gbẹ ní àárọ̀. Mo ń rìn lọ sí ọjà, mo ń rìn bọ̀, mo sì ń bá àwọn èèyàn jiyàn lọ́nà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo bá Sìkírá lọ gba èsì ìkẹyìn rẹ̀. Nọ́ọ̀sì Fọlákẹ́ kò ní kí ó jókòó. "Kò sí mọ́," ló wí. "Ẹ máa lọ sílé ọkọ." Sìkírá dúpẹ́, ó kúnlẹ̀, ó tún dìde, ó tún kúnlẹ̀. A jáde sí ibi ìlà.

Obìnrin kan jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì, ó fa hìjáàbù bo ojú títí dé imú, ike kékeré wà lọ́wọ́ rẹ̀ lábẹ́ aṣọ. Ó ń wúkọ́ sínú ìgbọ̀nwọ́. Bó ṣe rí wa, ó yára sọ ọ́, kò tilẹ̀ sẹ́ni tó bi í:

"Ẹnìkan ni mo kàn sìn wá o."

Sìkírá dúró. Ó wò ó. Mo rò pé yóò kọjá. Ó jókòó tì í, ó sì sọ ọ́ sókè tí gbogbo ìlà fi gbọ́:

"Ikọ́ ife ni tèmi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba èsì ni, ó ti lọ." Ó di ọwọ́ obìnrin náà mú, ó fà á dìde. "Ó dáa. Ẹ dìde, kí èmi náà sìn yín wọlé."